Owó Ààfáà Tí Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa: Àwa Ni Ọ̀gá Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níwájú ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka wa ní Ògùnpa, Ìbàdàn. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.)

  A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbàkúùgbà tí a bá dìde ní ìpàdé yìí, ọ̀rọ̀ owó oṣù tiwa ni a máa ń sọ. Lónìí, owó oṣù ẹlòmíràn ni a fẹ́ sọ. Ẹni náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa. Kò ní káàdì ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ rí. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ààfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Kùránì àti èdè Lárúbáwá ní ìrọ̀lẹ́ ni.

Ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ilé kéwú tí ó wà lẹ́yìn òpópó wa, níbi tí ọmọ 40 láti ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ń lọ, Ààfáà pe àwọn òbí jọ ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ gbé ọ̀kadà fún òun, kí òun máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti pé bí oṣù yìí bá parí, òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn òbí kan bínú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ààfáà, ṣé ẹ̀yin náà ń lé owó ni?" Ọkùnrin náà kò dáhùn. Ilẹ̀ ni ó ń wò. A wà níbẹ̀, ojú sì tì wá. Kì í ṣe ìtìjú tirẹ̀, tiwa ni.

Ìdí nìyí tí a fi bẹ Alága pé kí ó fún wa ní àyè láti sọ ohun kan ṣoṣo: àwa tí a ń bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀ nítorí owó oṣù, àwa náà ni ọ̀gá Ààfáà. Owó tí a sì ń fún un, bí ọ̀gá wa bá fi irú rẹ̀ lọ̀ wá, ọjọ́ náà gan-an ni a ó daṣẹ́ sílẹ̀.

BÍ Ó TI RÍ TẸ́LẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní 1853 ni Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sí Ìbàdàn láti dá ìjọ àti ilé-ìwé sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ọmọ Ìbàdàn ti ń kọ Alífù sórí wàláà. Ilé-ìwé tí ó kọ́kọ́ wà ní ìlú yìí, ilé kéwú ni. Ó yani lẹ́nu pé olùkọ́ ilé-ìwé tí ó ṣáájú ni owó rẹ̀ wá kéré jù lọ.

Púpọ̀ nínú àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún ni wọ́n bí sí àyíká ìgbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Nígbà tí a ó fi gbọ́njú, ilé kéwú wà ní ọ̀pọ̀ agbo-ilé, láti Bẹyẹrunka dé Ọjà'ba, láti Mápó dé Bẹẹrẹ. A ó gbé wàláà dání, a ó jókòó lórí ẹní, Ààfáà á ké, àwa náà á ké tẹ̀lé e. Ọjọ́ Àlàrùúbá, ìyẹn Ọjọ́rú, ni ọjọ́ owó. Ìyá wa á so ṣílè kan mọ́ wa létí aṣọ. Orúkọ owó àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ìyá wa nígbà náà. Kọ́bọ̀ 10 ni wọ́n ń pè ní ṣílè. Ọmọ tí kò bá rí nǹkan mú wá á fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Ọjọ́ kejì rẹ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi.

Owó Àlàrùúbá yìí kì í ṣe owó oṣù. Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣírò rẹ̀ pé iye báyìí ni yóò tó Ààfáà jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn ń gbé e ró. Bí ọmọ bá dé ibi kan nínú Kùránì, òbí rẹ̀ á se oúnjẹ wá. Bí ó bá parí rẹ̀, wòlíímọ̀ dé nìyẹn: àgbò, aṣọ, owó. Ààfáà tiwa nígbà náà ní oko lẹ́yìn ìlú, àwa ọmọ kéwú sì ń bá a ro ó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó ń rán fìlà. Ilé ìdílé ni ó ń gbé, kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Owó kéwú kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó fi ń jẹun.

Lónìí, oko ti di ilé. Ẹ̀rọ ni ó ń rán fìlà. Ààfáà ń san owó ilé bí tiwa, ọjà kan náà ni òun àti àwa sì ti ń ra gàrí. Owó Àlàrùúbá nìkan ni kò kúrò níbi tí ó wà. A yí ṣílè padà sí ₦100, a sì rò pé a ti gbìyànjú.

KÌ Í ṢE ÈDÈ LÁRÚBÁWÁ NI KÒ LÓWÓ LÓRÍ

Ẹnìkan lè sọ pé irú iṣẹ́ tí kò mówó wọlé ni Ààfáà yàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Lárúbáwá wà nínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè yàn. Ẹni tí ó bá gba NCE nínú Lárúbáwá, tí ìjọba sì gbà á síṣẹ́, Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba oyè yunifásítì, Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tí ń kọ́ni ní ìṣirò tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níhìn-ín, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti ti Ìsìláàmù ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá wà níbẹ̀, owó ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń gbà.

Nítorí náà, èdè náà kò kéré. Ibi tí a ti ń kọ́ ọ ni ó yàtọ̀, àti ẹni tí ń san owó. Ọkùnrin kan náà lè kọ́ ọmọ ní Alífù, Báà ní ilé-ìwé ìjọba ní òwúrọ̀, kí ó gba owó Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7. Ó lè kọ́ ọmọ ní Alífù, Báà yẹn kan náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gba owó Àlàrùúbá. Bí ìjọba bá san án, owó oṣù ni a ń pè é. Bí àwa bá san án, ó di sàráà.

Ọ̀pọ̀ Ààfáà ilé kéwú ni kò tilẹ̀ rí ti òwúrọ̀ gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ni wọ́n ti kàwé. Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Sheikh Murtada Abdussalam dá Ma'had sílẹ̀ ní Ẹlẹ́kùrọ́. Ẹni tí ó bá jáde ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti lo ọdún púpọ̀, láti Ìdádì dé Sánáwì, lórí gírámà, lórí òfin ẹ̀sìn, lórí hàdíìsì. Bí ẹnìkan bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ wa, ọ̀gá iṣẹ́ ni a ó máa pè é. Ṣùgbọ́n NCE ni ìjọba fi ṣe ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ààfáà tí kò bá tíì rówó lọ gba NCE, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ènìyàn ṣe ń bọ́ sí wa lọ́wọ́, àwa ọ̀gá tí kò ní ìwé owó oṣù.

Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. A ń dọ̀bálẹ̀ kí Ààfáà, a ń pè é síbi ìsọmọlórúkọ, a ń fún un ní àga iwájú. Bí Ọjọ́rú bá dé, a ń wá ₦100 tí ó ti ya jù lọ nínú àpò.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ, ÀTI IBI TÍ ÒFIN DÚRÓ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ mọ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ ṣe dé ibi tí ó dé. Kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, NLC daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ rẹ̀. ₦300 ni a béèrè, ₦125 ni a rí gbà. Ó di ₦5,500 ní 2000. Ó di ₦18,000 ní 2011, ó di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní 2024. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi kún un fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó sọ ọ́ di ₦80,000. Òfin 2024 tún ní kí a máa tún iye náà wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, dípò ọdún márùn-ún tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin náà dé ìsàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi apá kan àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wo ilé kéwú wa: Ààfáà kan, àti ìyá kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Ènìyàn méjì péré, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò. Ilẹ̀kùn méjèèjì ni ó tì mọ́ wọn lójú.

Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá san fún Ààfáà, ọlọ́pàá kò ní mú wa. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí ó bá dá òṣìṣẹ́ dúró títí wọ́n fi ku 24, kí òfin má bàa ká a mọ́, ọlọ́pàá kò ní mú òun náà. Ẹ sì mọ orúkọ tí àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú ìgbà tí owó oṣù tiwa pẹ́ ní ọjọ́ 11. A kó irinṣẹ́ sílẹ̀, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ní ọmọ wa kò lè jẹ ìlérí. Òtítọ́ ni a sọ nígbà náà. Ààfáà ní ọmọ mẹ́ta.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ alẹ́ ni àwa lọ, ṣùgbọ́n a mọ ìṣirò owó oṣù, nítorí iṣẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́ kọ́ wa. Ẹ bá wa ṣe é.

Ọmọ 40 ni ó wà nínú ìwé ilé kéwú náà. Bí gbogbo wọn bá mú ₦100 wá ní Àlàrùúbá mẹ́rin, ₦16,000 ni. Gbogbo wọn kì í mú un wá. A bi Ààfáà léèrè, ó ní bí ìdajì wọn bá mú un wá, ọ̀sẹ̀ náà dára. Ìyẹn ni ₦8,000 ní oṣù. Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, owó náà gba ìsinmi. Bí òjò bá rọ̀ ní Ọjọ́rú, òjò ti gbé owó Ààfáà lọ sí odò Ògùnpa.

Wákàtí mélòó ni ó ń ṣe? Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, wákàtí méjì méjì: 6 nìyẹn. Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin: 8 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 14 ní ọ̀sẹ̀. Tiwa jẹ́ 40. Ẹ pín ₦70,000 sí ọ̀nà 40, ₦1,750 ni. Ẹ mú un ní ìlọ́po 14, ₦24,500 ni.

₦24,500 yìí kì í ṣe owó ọ̀mọ̀wé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni, owó ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kankan, fún iye wákàtí tí Ààfáà ń ṣe. A kò tíì ka ọdún tí ó fi kọ́ Lárúbáwá mọ́ ọn. ₦8,000 ni a sì ń san. Ó ń ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta fún wa kí ó tó gba owó oṣù kan, owó ìsàlẹ̀ yẹn náà kò sì ní pé.

Ìyá tí ń kọ́ àwọn kéékèèké ń kọ́? Wákàtí 8 ni tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀. Ní ìṣirò kan náà, ₦14,000 ni. Títí di òní, ohun tí Ààfáà bá yọ fún un nínú ₦8,000 ni ó ń gbà, oṣù mìíràn wà tí ó jẹ́ pé "Ọlọ́run á san án fún yín" nìkan ni. Òun ni ó ń nu imú àwọn ọmọ wa. Òun ni ó kọ́ wọn ní àlùwàlá. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka owó.

₦24,500 pẹ̀lú ₦14,000 jẹ́ ₦38,500. Nínú ọmọ 40, a mọ àwọn márùn-ún tí baba wọn ti kú tàbí tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òbí wọn. A yọ wọ́n kúrò. Ó ku 35. Ẹ pín ₦38,500 sí ọ̀nà 35. ₦1,100 ni, kò lé, kò dín. ₦1,100 lórí ọmọ kan ní oṣù kan. Ọlọ́mọ méjì, ₦2,200.

A mọ̀ pé owó ni. Kò sí ẹni tí ₦2,200 kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n lára wa ni ẹni tí ń san ₦3,000 lórí ọmọ kan fún olùkọ́ lẹ́sìnnì tí ń wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. A kò kùn sí i. Olùkọ́ lẹ́sìnnì sọ iye rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ààfáà kò sọ, nítorí ojú ń tì í.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ Ó NÍ KÒ YẸ

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn. A ó dáhùn rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní làádà Ààfáà wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ nínú wa lè rántí pé ohun tí a ń sọ fún olùkọ́ ilé-ìwé míṣọ́nnì náà láyé àtijọ́ nìyẹn, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ní 1931 ni àwọn olùkọ́ kó ara wọn jọ, wọ́n dá NUT sílẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Àlùfáà Ọlọ́run ni ọkùnrin náà, ó mọ̀ nípa ọ̀run ju àwa lọ. Síbẹ̀, ó jẹ́ aṣíwájú àwọn tí ń béèrè ohun tí ó tọ́ sí olùkọ́ láyé. A kò gbọ́ pé Ọlọ́run dín èrè olùkọ́ kankan kù lọ́run nítorí pé ó rí owó tí ó tó gbà láyé.

Ìkejì, wọ́n ní kò tọ́ kí a gba owó lórí ẹ̀kọ́ Kùránì. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èyí láti ayébáyé, àwa kì í ṣe onímọ̀. Ṣùgbọ́n a ti jókòó sídìí àwọn onímọ̀, a sì gbọ́ ohun mẹ́ta. A gbọ́ pé lẹ́yìn ogun Bádírì ní 624, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó mọ ìwé kọ ni Ànábì ní kí wọ́n kọ́ ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ní Mẹ̀dínà, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà ra ara wọn padà. Òmìnira ni owó iṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ náà. A tún gbọ́ pé Ibn Sahnun ará Kairouan, tí ó kú ní 870, kọ ìwé kan lórí ìlànà àwọn olùkọ́ ọmọdé, nínú ìlànà Málíkì tí àwọn Ààfáà wa ń tẹ̀ lé. Ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa owó tí òbí àti olùkọ́ bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, àti nípa ohun tí ó tọ́ sí olùkọ́ bí ọmọ bá parí Kùránì. Ẹ rí i pé wòlíímọ̀ kì í ṣe àṣejù tí Ààfáà Ìbàdàn dá sílẹ̀. Ìkẹta, ní 1067, Nizam al-Mulk ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bàgídádì. Ó fi dúkìá ṣe wákàfù fún un, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, tí èrè rẹ̀ ń san owó olùkọ́. Ìmáámù Al-Ghazali fúnra rẹ̀ kọ́ni níbẹ̀ láti 1091 sí 1095. Kò sí ẹni tí ó ní kí Al-Ghazali máa dúró de Ọjọ́rú.

Ìkẹta, wọ́n ní Ààfáà ń gba sàráà níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi òkú. Òótọ́ ni, èyí gan-an ni ó sì ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Bí wọ́n bá pè é síbi sàráà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò lọ, nítorí ohun tí yóò mú bọ̀ lọ́jọ́ kan lè ju ohun tí a ń fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nígbà náà, ọmọ wa á máa ta kókóró lórí ẹní títí a ó fi pè wọ́n wálé. Lẹ́yìn náà, a ó bú Ààfáà pé ó ń lé sàráà kiri, pé ó ń gbàdúrà fún olóṣèlú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá fẹ́ kí ó jókòó ti àwọn ọmọ wa, kí a san owó ìjókòó náà.

Ìkẹrin, wọ́n ní kò béèrè. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí kò lè dá béèrè ni a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún. Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kí ó sì sọ iye tí ó tọ́ sí òun, kí ni a ń gba owó ẹgbẹ́ fún?

Sí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ wo ẹni tí ń bá yín fọ aṣọ, ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ wo ẹni tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ibi tí òfin kò dé, tí ẹgbẹ́ kò dé, ẹni tí ó ń gba owó oṣù lónìí lè di ọ̀gá burúkú ní ìrọ̀lẹ́ kan náà.

ÀBÁ TÍ A MÚ WÁ

A kò wá síhìn-ín láti ṣàròyé lásán. A mú àbá márùn-ún wá, a sì bẹ ìpàdé kí ó dìbò lórí rẹ̀.

1. Kí owó Àlàrùúbá kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Kí òbí máa san ₦1,100 lórí ọmọ kan ní oṣù, nípasẹ̀ akápò kan tí àwọn òbí yóò yàn, tí yóò máa fún wọn ní rìsíìtì. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ nítorí owó.

2. Kí a máa san owó Ààfáà àti ti ìyá yẹn ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù, òjò rọ̀ o, òjò kò rọ̀ o, ìsinmi wà o, kò sí o. Bí ó bá ṣàìsàn, kí a san án.

3. Kí ọmọ aláìníbaba àti ọmọ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa kàwé lọ láìsan nǹkan. Kí akápò nìkan mọ orúkọ wọn.

4. Kí Ààfáà náà ní ojúṣe. Kí ó ní ìwé tí yóò máa fi pe orúkọ. Kí ó dé lásìkò. Bí ìpè sàráà bá dé lásìkò ẹ̀kọ́, kí ó wá adelé. Kí a má ṣe fi ọmọ ránṣẹ́ lásìkò ẹ̀kọ́, kí pàṣán sì mọ ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ń gba owó iṣẹ́, iṣẹ́ ni kí a rí. A ti bá a sọ ọ́, ó sì ní òun gbà.

5. Ní ọjọ́ iwájú, kí àwa àti àwọn òbí yòókù máa dá owó díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi lè ra ìsọ̀ kan ní Ògùnpa tàbí ní tòsí rẹ̀, kí a sì fi ṣe wákàfù. Owó ìsọ̀ náà ni yóò máa san owó olùkọ́. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá dá ọgọ́rùn-ún nínú wa dúró, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa kò ní dúró pẹ̀lú wa. Ohun tí wọ́n ṣe ní Bàgídádì nìyẹn, kò kọjá agbára ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ Ògùnpa.

Àwọn tí ó bá ní ₦1,100 pọ̀ jù, kí wọ́n dìde kí wọ́n sọ ọ́. Ìpàdé wa ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún wa pẹ̀lú iye tí àwọn fúnra wọn yóò gbà fún wákàtí 14 ní ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí oṣù yìí bá parí tí Ààfáà sì gun ọ̀kadà rẹ̀, kò ní kú. Yóò rí owó ju èyí tí a ń fún un lọ. Àwa ni a ó pàdánù. Ẹní tí àwọn bàbá wa tẹ́ sílẹ̀ yóò di kíká, a ó sì máa wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tí wọn yóò fi kírun sí wa lára nígbà tí a bá kú. Lọ́jọ́ náà, ₦100 kò ní rí i rà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ohun tí ó bá ṣe òṣìṣẹ́ kan, gbogbo wa ni ó ṣe, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní ju wàláà àti pàṣán lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú. 

(Láti ọwọ́ olóòtú: Lẹ́yìn àríyànjiyàn bíi wákàtí kan, ìpàdé fọwọ́ sí àbá kìn-ín-ní dé ìkẹrin. Ti ìkarùn-ún di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Kí àwọn òbí tí kò sí níbẹ̀ rí akọ̀wé ẹ̀ka kí oṣù tó parí.)